Tíṣà ní kí n wá kàwé fún kíláàsì àwọn ìbejì mi: ṣé kí n lọ?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, n'Ìbàdàn. Àwọn ìbejì mi wà ní Primary 1, kíláàsì kan náà. Tíṣà wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ètò kan kalẹ̀ pé kí òbí kan máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ka ìwé ìtàn sókè fún àwọn ọmọ. Ó ti kàn mí. Mo parí sẹ́kọ́ńdìrì, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì mi kò já gaara. Ọmọ 35 ló wà ní kíláàsì náà. Ìwé wo ni kí n kà, ti Gẹ̀ẹ́sì ni àbí ti Yorùbá? Báwo ni mo ṣe fẹ́ kápá ọmọ tó pọ̀ tó yẹn? Táyé kò mọ ojú àlejò ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí Kẹ́hìndé bá ti rí mi nílé ìwé, ẹkún ni. Àbúrò mi obìnrin wà ní yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dáa. Ṣé kó lọ bá mi kà á ni?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìtọ́jú èjìrẹ́. Ibi tí ìbéèrè yín parí sí ni n ó ti bẹ̀rẹ̀: ẹ má rán àbúrò yín lọ. Kì í ṣe pé kò lè kà á. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ yẹn ń gbọ́ lẹ́nu tíṣà láti ìgbà tí aago bá ti lù títí wọn ó fi jáde, kò sí ohun tuntun níbẹ̀ fún wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí rí ni ìyá ọlọ́jà kan tó jókòó, tó ṣí ìwé, tó ń kà á, tí inú rẹ̀ sì ń dùn sí i. Ọmọ ọdún mẹ́fà máa ń rò pé iṣẹ́ ilé ìwé ni ìwé kíkà, pé bí èèyàn bá ti bọ́ yúnífọ́ọ̀mù sílẹ̀, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Àbúrò yín tó ṣì ń lọ sílé ìwé kò lè bá yín yí èrò yẹn padà. Ó ní ibi tó ti máa wúlò, n ó sọ ọ́ tó bá yá.

Ní ti èdè, Yorùbá ni kí ẹ kà, bí tíṣà bá gbà. Ohùn tí ẹ fi ń bá oníbàárà ṣàwàdà, tí ẹ fi ń bá àwọn ọmọ yín wí, ohùn yẹn gan-an ni ìtàn ń fẹ́. Bí ẹ bá gbé ìwé tí èdè rẹ̀ kò mọ́ yín lẹ́nu, ojú yín kò ní kúrò lórí ìwé, ẹ̀rù àṣìkà ni yóò máa bà yín, àwọn ọmọ yóò sì rí i. Wọn kì í pẹ́ rí i rárá.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ èdè yìí gbóná. Àwọn ilé ìwé aládàáni kan ṣì wà tó ń jẹ ọmọ níyà tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà, tí wọ́n ń pè é ní fanakúlà bí ẹni ń pe orúkọ àrùn. Ìjọba alára kò dúró sójú kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, Tunji Alausa tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí òbí wá kà kì í ṣe iṣẹ́ kíláàsì, ìlànà kankan kò dí yín lọ́wọ́.

Bí ẹnì kan bá sì sọ fún yín pé Yorùbá á ba Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ jẹ́, ẹ ní kó lọ wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò ni o, sáyẹ́ǹsì ni o, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ń gba ọ̀nà àtijọ́, Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń mókè nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Fáfúnwá padà wá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láti 1990 sí 1992, síbẹ̀ à ń jiyàn ọ̀rọ̀ kan náà títí dòní.

Bó ti wù kó rí, ẹ má kàn gbé ìwé Yorùbá dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ lọ rí tíṣà ṣáájú. Bó bá ní Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀gá àwọn fẹ́, ẹ má bá a jà. Ẹ wá ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí gbólóhùn rẹ̀ kò gùn, ẹ kà á bó ṣe wà, kí ẹ wá fi Yorùbá sọ̀rọ̀ nípa àwòrán inú rẹ̀. Àwọn ọmọ Primary 1 kò ní sọ pé ìwé ọmọdé lẹ kà fún àwọn. Àgbà ló ń ka iye ọjọ́ orí tó wà lẹ́yìn ìwé.

Kí ni ẹ ó wá kà? Ìwé àwòrán ni. Ojú ewé 32 ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní, nítorí pé pépà ńlá ni wọ́n ń tẹ̀, tí wọ́n á ká, tí wọ́n á sì gé, ojú ewé á máa jáde ní mẹ́jọ-mẹ́jọ tàbí mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún. Bí ìlà méjì tàbí mẹ́ta bá wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ ó parí rẹ̀ ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsáré, ìyẹn sì tó. Púpọ̀ nínú ìwé ìtàn tó wà lórí àtẹ níta kò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ kún ojú ewé dẹ́nu, àwòrán rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò lọ, ìbéèrè mẹ́wàá sì wà nídìí ìtàn tí ọmọ gbọ́dọ̀ dáhùn. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún iṣẹ́ àṣetiléwá.

Kí ẹ tó sanwó ìwé, ẹ gbé e lé orí àtẹ, kí ẹ rìn sẹ́yìn tó bí ibi tí ọmọ tó jókòó kẹ́yìn ní kíláàsì máa wà. Bí ẹ kò bá dá ẹranko inú àwòrán mọ̀ láti ibẹ̀, ọmọ yẹn náà kò ní dá a mọ̀, ohun tí ojú kò bá sì tó, ọwọ́ ọmọ á wá nǹkan mìíràn ṣe. Bí ẹ kò bá rí èyí tó tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí àbúrò yín bá yín wo African Storybook lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àjọ kan tó ń jẹ́ Saide ní South Africa ló dá a sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ìtàn Yorùbá wà níbẹ̀, ẹ sì lè tẹ̀ ẹ́ síta ní ńlá ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì. Ẹ kọ́kọ́ kà á dáadáa kí ẹ tó náwó sí i, nítorí ohun tí oríṣiríṣi èèyàn bá túmọ̀, Yorùbá inú wọn kì í dọ́gba.

Ẹ bi tíṣà ní ìbéèrè kan tí àwọn òbí kì í sábà bi: ṣé ọmọ kan wà níbẹ̀ tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣaláìsí, tàbí tí ilé wọn ń dàrú lọ́wọ́? Ìtàn wa kún fún ìyá tó kú, fún orogún tó ń fi ìyà jẹ ọmọ orogún. Wọ́n dùn, àmọ́ ọjọ́ tí ọmọ aláìníyá wà nínú àwùjọ kọ́ ni ọjọ́ wọn. Ti ẹ̀sìn náà wà níbẹ̀. Òbí mìíràn, mùsùlùmí tàbí onígbàgbọ́, kò fẹ́ gbọ́ ìtàn iwin àti òrìṣà sétí ọmọ rẹ̀. Bóyá òótọ́ ló ṣe tàbí òun ló ṣì í, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa bá a yanjú rẹ̀ ní kíláàsì. Ìjàpá àti àwọn ẹranko kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú yíyan ìwé ni n óò wá sọ báyìí. Ẹ wá ìtàn tó ní ègbè. Àwọn bàbá ńlá wa kò jẹ́ kí apàlọ́ dá sọ̀rọ̀ rí. Bó bá ní «Ààlọ́ o!», wọ́n á ní «Ààlọ̀!», bó bá sì dé ibi orin, òun á lé, àwọn á gbè. Gbogbo ìṣẹ́jú díẹ̀ ni iṣẹ́ ń kan àwọn olùgbọ́, ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń lè jókòó pẹ́ nídìí àlọ́ láìsí pé ẹnì kan mú ẹgba dání. Òbí tó bá dúró níwájú, tó ń kàwé lọ ràì láti òkè délẹ̀, ti gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ó wá ń yà á lẹ́nu pé wọ́n ń fín ara wọn níkòó.

Kò pọn dandan kí wọ́n kọ orin sínú ìwé. Bí ẹranko kan bá ń sọ gbólóhùn kan náà ní gbogbo ilé tó yà, ègbè yín nìyẹn. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní gbólóhùn náà kí ẹ tó ṣí ìwé rárá, kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wá sọ fún wọn pé, «Bí mo bá ti gbé ọwọ́ mi sókè báyìí, ẹ̀yin lẹ ní in.» Bí ìtàn kò bá ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe é fún un. Ẹni tó kọ ìwé kò ní sunkún. Ẹ sì lè fi «Ààlọ́ o!» bẹ̀rẹ̀, mi ò mọ ohun mìíràn tó ń yára kó ọkàn ọmọ jọ tó bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà kan lè ní a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Ẹ sọ fún un pé ìwé lẹ kà, ẹ kò pàlọ́.

Ìbéèrè bíbi ńkọ́? Lọ́dún 1988, Grover Whitehurst àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ bí ọdún méjì. Wọ́n kọ́ àwọn òbí pé bí wọ́n bá ń kàwé, kí wọ́n máa bi ọmọ ní ìbéèrè tí «bẹ́ẹ̀ ni» àti «bẹ́ẹ̀ kọ́» kò lè dáhùn, kí wọ́n sì máa fi ọ̀rọ̀ kún ohun tí ọmọ bá sọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ta àwọn tí òbí wọn kàn ń kàwé fún bíi ti tẹ́lẹ̀ yọ nínú ọ̀rọ̀ sísọ. Ìlànà dáadáa ni, ẹ máa lò ó nílé pẹ̀lú àwọn ìbejì. Ṣùgbọ́n òbí kan, ọmọ kan ni tiwọn. Bí ẹ bá bi ọmọ 35 pé kí ni wọ́n rò pé Ìjàpá fẹ́ ṣe, ọwọ́ 35 ni yóò nà, ọmọ kan á sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn ajá màmá rẹ̀ àgbà ní Ìséyìn, tí kò ní parí. Ìbéèrè méjì pére ti tó ní kíláàsì, níbi tí ìtàn ti fẹ́ yí. Ẹ gbọ́ ìdáhùn lẹ́nu ọmọ mẹ́ta, ẹ ní, «Ẹ jẹ́ ká wò ó,» kí ẹ ṣí ojú ewé. Ẹni tó ní ìtàn ajá, ẹ ṣèlérí fún un pé ẹ ó gbọ́ ọ tí ẹ bá parí, kí ẹ sì gbọ́ ọ lóòótọ́.

Ibi tí àbúrò yín ti wúlò nìyí. Ìwé Yorùbá mìíràn kì í ní àmì ohùn tó pé, ẹ ó kọsẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ méjì bá ti jọra lójú. Ẹ jẹ́ kó jókòó tì yín nílé pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, kẹ́ ẹ kà á sókè sí i létí, kó máa fi àmì sí gbogbo ibi tí ẹ bá ti kọsẹ̀. Sókè ni o. Ìwé tí èèyàn fi ojú kà nínú ara rẹ̀ kì í jẹ́ kó mọ ibi tí èémí á ti tán. Ẹ kà á títí tí ẹ fi lè wo ojú àbúrò yín fún gbólóhùn kan láìpàdánù ibi tí ẹ wà.

Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ kò ní rí ìwé náà dáadáa lọ́jọ́ ọjọ́ náà. Ẹ fi ọwọ́ kan di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú láàárín, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká yín, kí ojú rẹ̀ kọ sí àwọn ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ìgbà tí ẹ bá na aṣọ síta fún oníbàárà: òun ló ń wò ó, ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n. Àwọn kan máa ń ka ojú ewé tán síra wọn kí wọ́n tó yí i sí ọmọ. Àárín àkókò yẹn ni ariwo ti ń wọlé. Ẹ yí ìwé díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì, kí àwọn tó wà létí náà rí i.

Ẹ bẹ tíṣà kó kó wọn kúrò nídìí tábìlì wá síwájú, lórí ẹní, bí àyè bá wà. Ẹ jókòó lórí àga kúkúrú, ẹ má dúró. Ẹ má kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, bí ìmọ́lẹ̀ bá wà lẹ́yìn yín, òjìji ni wọn ó máa wò. Ẹ̀gbà ọwọ́ tó ń dún, ẹ bọ́ ọ sílé. Bí kíláàsì kejì bá ń ka ìṣirò lórin lẹ́yìn ògiri, tàbí jẹnẹrétọ̀ ń dún, ẹ má bá a figagbága. Ẹ sún mọ́ wọn, kí ẹ rẹ ohùn sílẹ̀. Ọmọ tí kò bá gbọ́ dáadáa á dákẹ́ kó lè gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń pariwo mọ́ á pariwo pẹ̀lú. Ìjàpá ń ránmú sọ̀rọ̀, ẹ ránmú fún un. Kò sẹ́ni tó ń fún yín ní máàkì. Bí ẹ bá ṣì í kà, ẹ padà, ẹ kà á bó ṣe yẹ, ẹ máa lọ. Ẹ má tọrọ àforíjì, kò sí ọmọ tó ṣàkíyèsí.

Ó kù Kẹ́hìndé. Ẹkún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà wá nígbà tí ẹ bá dé, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ lọ ló máa ń wá. Fún ọ̀pọ̀ òbí, mo máa ń ní kí wọ́n lọ láàárọ̀, kí ara àwọn ọmọ ṣì wà ní fífúyẹ́. Ẹ̀yin, ẹ bẹ tíṣà kó fún yín ní ìgbà tó kẹ́yìn kí wọ́n tó jáde, kí ẹ lè kó àwọn ìbejì yín dání lọ sílé. Àwọn ọmọ yòókù á ti rẹ̀ díẹ̀, nítorí náà ìwé kúkúrú. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú bí gbogbo rẹ̀ ṣe máa lọ, ibi tí ẹ ó jókòó, ìtàn tí ẹ ó kà, pé ẹ ó padà sí Gbági lẹ́yìn rẹ̀, pé ẹ ó wá mú un nígbà tí wọ́n bá jáde. Ẹ má yọ́ lọ. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá yọ́ lọ lẹ́ẹ̀kan á máa ṣọ́nà ní gbogbo ìgbà.

Ẹ ka ìwé náà fún àwọn méjèèjì nílé ṣáájú. Ohun tí Kẹ́hìndé bá ti mọ̀ kò ní dẹ́rù bà á. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Táyé á fẹ́ sọ òpin ìtàn fún gbogbo kíláàsì, ẹ wá fi àṣírí náà ṣe iṣẹ́ fún un: òun ni kó kọ́kọ́ gbe ègbè kí àwọn tó kù tó gbè é, kó sì pa ẹnu mọ́ lórí ìyókù. Kẹ́hìndé ní tirẹ̀ á jókòó ti orúnkún yín, á máa ṣí ojú ewé, kò ní láti sọ̀rọ̀ rárá. Òun ló kúkú rán Táyé wá tọ́ ayé wò, ẹ jẹ́ kí Táyé tún tọ́ èyí wò fún un. Bó bá fẹ́ dáhùn, á dáhùn. Ẹ má sọ lójú kíláàsì pé «Wo Táyé bó ṣe ń ṣe é.» Lẹ́yìn ojú ewé bíi mẹ́rin, ẹ fún ọmọ mìíràn ní iṣẹ́ ojú ewé ṣíṣí, kí àwọn 33 yòókù má baà rò pé wọ́n wá wo ìbejì ni.

Ẹ má gbé súìtì tàbí mínírà lọ. Mo ti rí ètò báyìí tó di ayẹyẹ ọjọ́ ìbí láàárín oṣù kan, tí òbí tí kò rówó ra ìrẹsì kò wá mọ́. Fóònù yín, ẹ fi sínú báàgì. Bí ẹ bá fẹ́ fọ́tò fún WhatsApp, ẹ ya ti àwọn ọmọ yín nìkan lẹ́yìn ìgbà yẹn, ọmọ ọlọ́mọ ni àwọn yòókù.

Bí ìtàn bá parí, ẹ pa ìwé dé, ẹ dákẹ́ díẹ̀. Ẹ má bi wọ́n pé ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn náà kọ́ wa. Gbogbo wa ni wọ́n fi ìbéèrè yẹn tọ́ dàgbà, ó sì ń sọ ìtàn di ìdánwò ní kíá. Ẹ gbọ́ ìtàn ajá Ìséyìn yẹn. Bí ẹ bá lágbára rẹ̀, ẹ fi ìwé náà sílẹ̀ ní kíláàsì. Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ìbejì pé ọmọ tí kò tíì mọ A yàtọ̀ sí B ń ṣí i lójú ewé lójú ewé, ó ń fi ohùn yín kà á sókè, ó ń ránmú pẹ̀lú. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ọmọ gbà bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé irọ́ ló ń pa.

Bí tíṣà bá sì tún pè yín lẹ́ẹ̀kejì, ìwé kan náà ni kí ẹ gbé lọ. Ẹ̀yin lẹ rò pé ó ti sú wọn.